Àpasà Ìyá Àgbà: Kí Á Lò Ó Ni, Tàbí Kí Á Fi Í Pamọ́?

Bí ìyá arúgbó kan bá papò dà ní Kàbà tàbí ní Bùnú, tí àwọn ọmọ sì ń palẹ̀ iyàrá rẹ̀ mọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú àjà, tí etí rẹ̀ rí bí idà, tí ara rẹ̀ sì ń dán bí ohun tí a fi òróró pa. Àpasà ni. Òun ni ìyá náà fi ń gbá òwú pọ̀ lórí òfì ìdúró, èyí tí àwọn obìnrin fi ń hun aṣọ fífẹ̀. Ọmọ kan yóò ní kí á gbé e kọ́ sára ògiri. Èkejì yóò ní kí á fi dáná. Ẹ̀kẹta yóò ní oníṣòwò kan ń ra irú rẹ̀. Ta ni kí á gbọ́ tirẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní Bùnú, aṣọ dúdú ni ti ìyàwó, aṣọ ìpò pupa sì ni ti ìsìnkú àwọn ìjòyè. Elisha Renne, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí ó gbé láàrin wọn ní àwọn ọdún 1980, kọ odidi ìwé lórí aṣọ wọ̀nyí, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1995. Nígbà tí ó débẹ̀, ìhunṣọ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀.

A kò kóríra ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ti Èsìẹ́, tí a ṣí ní 1945, tí ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ṣe àwọn ère òkúta ibẹ̀ lóore púpọ̀. Ṣùgbọ́n ère òkúta kò ní kí á fi òun hun aṣọ! Dídán tí àpasà ń dán ni kì í jẹ́ kí ó ha òwú, ọwọ́ àti òwú ni ó sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Káfíńtà lè gbẹ́ tuntun lónìí, ṣùgbọ́n òwú yóò máa há sí i lára títí yóò fi dán, ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ni ìyà náà yóò sì jẹ.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ àpasà lásán tí igi rẹ̀ kò là, ẹ fún ẹni tí ń hunṣọ. Ní Ògìdì-Ìjùmú, Olóyè Nike Okundaye, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ òwú lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà ẹbí rẹ̀, kó àwọn obìnrin jọ sẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ kò ní ṣàì rí ẹni gbà á.

Èyí tí a gbẹ́ ọnà sí lára, tàbí tí ó ti là, ni kí ẹ fi pamọ́. Ẹ má fi ọ̀dà kùn ún, ẹ má sì fi ọ̀bẹ fá a, nítorí ipa òwú ara rẹ̀ ni ìtàn rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ olóhun àti ìlú rẹ̀ sórí páálí, kí ẹ so ó mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé e sókè kí ikán má bàa jẹ ẹ́.

Ní ti oníṣòwò, òfin 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ bi í léèrè ibi tí ó ń gbé e lọ.