Ìyára, Kíì àti Àbùdá Orin Nínú Àwo Fáyólíìnì Àdáta: Chaconne ti J.S. Bach gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Ìfáàrà

Ariwo kò wọ́n ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti èyí tí ó ń bọ̀ láti Lágere ń fun fèrè, ẹ̀rọ amóhùn-bú-gbàmù inú ṣọ́ọ̀bù sì ń kọrin. Nínú iyàrá kan tí kò jìnnà sí ibẹ̀ ni a ti gbé àwo fáyólíìnì kan sí ẹ̀rọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀. Nígbà tí orin náà parí, ọ̀kan nínú wọn bèèrè pé, “Ọ̀gá, àwọn mélòó ni wọ́n ń ta á?” A ní ẹnì kan ṣoṣo ni. Kò gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti kọ ìtumọ̀ “tempo” àti “key” sílẹ̀ nínú ìdánwò rí, ó sì yege. Etí rẹ̀ ni kò tíì gbọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ. Èròngbà wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi èdè Yorùbá àti ìmọ̀ orin Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú irú àwo bẹ́ẹ̀, kí olùkọ́ lè fi etí kọ́ni kí ó tó fi gègé kọ́ni.

Orin tí a yàn

Ọdún 1720 ni ó wà lára ìwé tí Johann Sebastian Bach, ará Jámánì, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, èyí tí ó kó iṣẹ́ mẹ́fà jọ fún fáyólíìnì láìsí ohun èlò mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Chaconne ni apá karùn-ún, òun náà ni ó sì kẹ́yìn, nínú Partita Kejì.

Ìyára orin

Nínú ọ̀wọ́ ìlù dùndún, èyí tí Akin Euba tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ rí kọ odidi ìwé lé lórí ní 1990, gúdúgúdú ni ó ń di ìyára orin mú kí ìyá ìlù lè ráyè sọ̀rọ̀. Fáyólíìnì àdáta kò ní gúdúgúdú. Ẹni tí ó ń ta á ni yóò gbé ìyára náà sínú ara rẹ̀.

Lílù mẹ́ta-mẹ́ta ni Chaconne, orí lílù kejì ni orin sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ohùn àkọ́kọ́ sí “ọ̀kan” yóò ṣi ìlù náà kà. Ìsọ̀rí onílù-mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bí 256, èyí tí í ṣe lílù 768. Nínú àwo tí Jascha Heifetz ṣe ní 1952, orin náà gba bíi ìṣẹ́jú 13. Èyí já sí bíi lílù 59 ní ìṣẹ́jú kan, bí agogo ara ògiri ṣe ń dún. Nínú àwo Hilary Hahn tí ó jáde ní 1997, ó lé ní ìṣẹ́jú 17, bíi lílù 43 péré. Bach kò kọ iye kankan sílẹ̀ fún ìyára rẹ̀. Nítorí náà, kò sí èyí tí a lè pè ní àṣìṣe nínú méjèèjì: bí a bá yára, a ó gbọ́ ijó, bí a bá fa á, a ó gbọ́ àròjinlẹ̀.

Kíì

Gbogbo akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ó mọ̀ pé olùdarí gbọ́dọ̀ fún wọn ní “dò” kí wọ́n tó lanu. Kíì ni ilé orin: ibẹ̀ ni orin ti ń jáde, ibẹ̀ ni ó sì ń padà sí. D ni ilé Chaconne. Ní ìbẹ̀rẹ̀, D minor ni. Bí a bá fi dò-re-mí kà á, dò wà lórí F, ilé sì wà lórí “lá”. Nígbà tí ó kọjá ìdajì díẹ̀, ní ìsọ̀rí 133, ó di D major: D fúnra rẹ̀ di dò. Ní ìsọ̀rí 209, ó padà sí minor. Ilé kò ṣí kúrò níbi tí ó wà. Ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀ ni ó yí padà. Ohùn tí ó fi ìyàtọ̀ náà hàn jù ni F, tí ó fi ìdajì àtẹ̀gùn gòkè.

Kí olùkọ́ ṣọ́ra kí ó má sọ pé minor ni ìbànújẹ́ nígbà gbogbo. Nínú orin Yorùbá, ọ̀rọ̀ àti ìlù ni ó sábà máa ń sọ fún wa bóyá a ń yọ̀ tàbí a ń ṣọ̀fọ̀.

Àbùdá mìíràn

Okùn mẹ́rin ni fáyólíìnì ní: G, D, A àti E. D àti A jẹ́ ohùn pàtàkì nínú kíì yìí, nítorí náà ohun èlò náà ń dún gbọnmọgbọnmọ láti inú wá. Ṣùgbọ́n igi tí ó gbé okùn ró tẹ̀ kọdọrọ, ọrun kò sì lè dúró pẹ́ lórí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ń ta á yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan èyí tí ó wà nísàlẹ̀, yóò sì fò sí ti òkè. Etí ni yóò so wọ́n pọ̀.

Ìpìlẹ̀ orin yìí jẹ́ ìsọ̀rí mẹ́rin-mẹ́rin tí ó ń padà wá, ó tó ìgbà 64. Ẹni tí ó mọ orin Yorùbá kò ní ṣe àjèjì sí èyí: ohùn ìsàlẹ̀ ni ègbè, ohùn òkè ni lílé. Ègbè dúró, lílé ń yí padà.

Kí a wá fi gòjé wé e, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú sákárà Yusuf Ọlátúnjí tí ó kú ní 1978. Okùn kan ṣoṣo, tí a fi irun ìrù ẹṣin ṣe, ni gòjé ní lórí igbá tí a fi awọ bò. Kò lè dá lé kí ó tún dá gbè. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti tẹ̀lé ẹnu akọrin, kí ó máa fa ohùn sókè sódò bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń ṣe. Èyí kì í ṣe àbùkù. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni a gbé lé e lọ́wọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí ó bá ti rí, a lè lóye ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kò fi gbà pé ẹnì kan ni. A tún gbé àwo náà sí i, a sì ní kí gbogbo wọn máa fi imú kùn ègbè ìsàlẹ̀ nìkan. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi pariwo pé, “Òun náà ni ó ń lé, òun náà ni ó ń gbè!” Ìdáhùn tí kò sí nínú ìwé ìdánwò rẹ̀ nìyẹn. Àbá wa ni pé kí olùkọ́ orin àti olùkọ́ èdè Yorùbá jọ máa kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí gúdúgúdú, gòjé àti lílé-àti-ègbè tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀, kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ àjèjì kankan sí ojú pátákó.