Bevel gear: èwo ni tọ́nà lè gé, èwo ni kò yẹ kó gé?

Ẹ̀yin wẹ́dà, mẹkáníìkì àti onímọ́tò wa ní Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bevel gear ni jíà méjì tí ọ̀kan nàró, tí èkejì dùbúlẹ̀, tí eyín wọn wọnú ara wọn ní igun. Ó wà nínú dírìlì ọlọ́wọ́, ó wà nínú filing machine.

Tọ́nà tó ní ẹ̀rọ milling lè gé e. Á kọ́kọ́ fi lathe gbẹ́ irin náà kó rí bí àrọ, á wá dè é mọ́ dividing head ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ dividing head, ìgbà 40 lèèyàn ń yí ọwọ́ rẹ̀ kí irin tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Tí eyín bá jẹ́ 20, ìyípo 2 ni fún eyín kọ̀ọ̀kan.

Ibi tó le nìyí: àlàfo àárín eyín fẹ̀ níta, ó há nínú, bẹ́ẹ̀ ojú kan ni ọ̀bẹ ẹ̀rọ fẹ̀ mọ. Torí náà, á gba àárín, á tún fá ọ̀tún àti òsì, kó tó fi fáìlì parí ẹ̀.

Èyí dára fún ohun tó ń rọra yí. Ti filing machine ń sáré jù. Ẹ ra tuntun. Crown and pinion ọkọ̀ ńkọ́? Rárá o! Eyín tiẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, ẹ̀rọ àkànṣe ló ń gé e. Tó bá fọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, ẹ́ńjìnì ò ní lè bá bíréèkì fa ọkọ̀ sẹ́yìn mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ tọ́nà, jíà méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú dání.