"Mo" àti "Èmi": Ọmọ Ìyá Ni Wọ́n, Wọn Kì í Ṣe Ìbejì

Láti 1852 ni Àjàyí Crowther, tó ti gbé l'Ábẹ́òkúta, ti tẹ ìwé gírámà Yorùbá jáde, síbẹ̀ "mo" àti "èmi" ṣì ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú.

Bí obìnrin méjì bá pawó pọ̀ ra àdìrẹ n'Ítòkú, tí ọ̀kan ní "Mo sanwó", kò sí wàhálà. Èkejì náà lè ti san tiẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní "Èmi ni mo sanwó", ó ti yọ èkejì kúrò níbẹ̀. Ìjà dé nìyẹn!

"Mo" ni arọ́pò-orúkọ. "Èmi" ni arọ́pò afarajorúkọ, torí ó ń ṣe bí orúkọ. "Èmi àti Bọ́lá" dáa. Ta ló gbọ́ "mo àti Bọ́lá" rí? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ máàkì yín o!