Níbo Ni Gbájúẹ̀ Owó Ìjọba Ti Ṣẹ̀ Wá?

Ìyá àgbà kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ka àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kan sí i létí pé ìjọba àpapọ̀ ń pín ₦50,000 fún àwọn ọlọ́jà, kí wọ́n tètè tẹ líǹkì tó wà nísàlẹ̀. Ìyá náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bí ìjọba bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa, ìsọ̀ ni wọ́n ń wá bá wa. Kí ló wá dé tó jẹ́ inú fóònù ni wọ́n ń gbà bí wọ́n bá fẹ́ fún wa?"

Ibi tí irú gbájúẹ̀ yìí ti ṣẹ̀ kò yé dá awuyewuye sílẹ̀. Àwọn kan fi gbogbo ẹnu sọ pé ìgbà tí owó epo rọ̀bì wálẹ̀ lẹ́yìn 1980 ni àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí òyìnbó. Stephen Ellis, òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, This Present Darkness, tó jáde ní 2016, ó sọ ìtàn P. Crentsil, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ẹ̀ka ọkọ̀ ojú omi ìjọba amúnisìn l'Ékòó. Ní December 1920, Crentsil kọ lẹ́tà sí ẹnì kan ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ó ní òun ní agbára abàmì tí òun lè lò fún un bó bá lè sanwó. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Iṣẹ́ Ìyanu" ló pe ara rẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lábẹ́ abala 419 ìwé òfin ọ̀daràn, abala tí à ń fi pe jìbìtì títí dòní. Adájọ́ kàn kìlọ̀ fún un, ó ní kó máa lọ. Ni Crentsil bá ń fọ́nnu kiri pé oògùn òun ló yọ òun. Kí ni ì bá tún sọ? Oògùn náà ló kúkú ń tà.

Síbẹ̀, Èkó kọ́ ló bí i. Vidocq, ọ̀daràn ará Faransé tó padà di ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 1828 pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n Bicêtre, nítòsí Paris, a máa kọ lẹ́tà sí àwọn olówó pé ìṣúra kan wà níbi tí àwọn rì í mọ́, kí wọ́n fowó díẹ̀ ṣèrànwọ́ kí àwọn lè lọ hú u. Ó ní bí wọ́n bá kọ ọgọ́rùn-ún, ogún á rí èsì.

Olójúkòkòrò ni gbájúẹ̀ àtijọ́ ń wá. Ti ìsinsìnyí, ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà ti tó o. August 2018 ni nǹkan yí padà, nígbà tí ètò ìjọba tí à ń pè ní TraderMoni bẹ̀rẹ̀, tí Ìgbákejì Ààrẹ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ń ti ọjà kan bọ́ sí òmíràn, tí ₦10,000 sì ń wọlé sórí fóònù àwọn alátẹ. Owó yíyá ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ kà á sí ẹ̀bùn. Ètò ìrànwọ́ Survival Fund tẹ̀ lé e ní 2020. Lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ orí epo lọ ní 2023, ìjọba tún ṣèlérí ₦50,000 tí kò ní sísan padà fún mílíọ̀nù kan oníṣòwò kéékèèké, láti ọwọ́ Bank of Industry.

Owó gidi ni gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀nà tí owó gidi gbà wọlé náà sì ni ayédèrú ń tọ̀. Láyé ìgbà tí ìyálọ́jà ń pe orúkọ ẹni tó máa gbowó lójú gbogbo ọjà, ì bá ṣòro fún olè láti dúró láàárín. Lórí fóònù, ta ló mọ ẹni tó ń pín in?

Líǹkì náà á gbé òǹtẹ̀ ìjọba jáde. Á gba orúkọ, ọjọ́ ìbí àti BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì, á ní kí o fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp mélòó kan kí owó tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ará ìjọ tí o fọkàn tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè owó fọ́ọ̀mù, tàbí kí ẹnì kan pè bí òṣìṣẹ́ báńkì pé kí o ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń gbé owó lọ.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, owó ìrànwọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó gbà, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ wo ìparí àdírẹ́sì líǹkì náà bóyá .gov.ng ni. Ẹni tó bá sì ti ka nọ́ńbà fún wọn, kó pe báńkì rẹ̀ ní wákàtí yẹn gan-an kí wọ́n ti àkáǹtì náà, kó tó kó ẹ̀rí lọ fún ọlọ́pàá tàbí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì. Ọ́fíìsì EFCC ti Ìbàdàn wà ní Ìyágankú.