Ṣé Windows 'upgrade' lè wọ kọ̀ǹpútà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó náwó

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft jáwọ́ lára Windows 10. Kì í ṣe pé àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lò ó dákú lọ́jọ́ náà o. Àtúnṣe tó ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé ló dáwọ́ dúró, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan tí yóò parí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026.

Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò ó bóyá kí àwọn máa fi èyí tó wà nílẹ̀ lò ó lọ, àbí kí àwọn kúkú to tuntun. Ní Òjòkú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yún ní ìpínlẹ̀ Kwárà, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ó kan olùkọ́ tó ń tẹ èsì ìdánwò, ó sì kan àwọn ọmọ tó ń lọ sí Federal Polytechnic ní Ọ̀fà tó wà nítòsí.

Kọ̀ǹpútà títò fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ lè ra motherboard, processor, RAM àti SSD ní Computer Village n'Íkẹjà, kẹ́ ẹ kó gbogbo rẹ̀ wọ mọ́tò wálé, kí ẹnjiníà sì dè é pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìgbà tí wọ́n bá tan án tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó mìíràn ń dé. Ẹni tó bá ní síídì Windows nílé tí wọ́n kọ 'Upgrade' sí lára á rò pé òun ti bọ́. Ó lè wọlé láìsí wàhálà títí dé ìparí, kó wá jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń béèrè product key ni yóò ti yarí.

Kí ni owó upgrade ń rà?

Nígbà tí Windows 7 jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, dọ́là 199.99 ni wọ́n ń ta odindi Home Premium ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 119.99 ni wọ́n ń ta ti upgrade. Fáìlì kan náà ló wà nínú síídì méjèèjì. Key ló yàtọ̀.

Ọgọ́rin dọ́là tí wọ́n yọ yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn. Ìṣirò Microsoft ni pé ẹ ti sanwó XP tàbí Vista tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ kàn ń fi owó lé owó ni. Ẹ̀tọ́ tó wà nínú páálí upgrade kò pé fúnra rẹ̀. Ara Windows àtijọ́ ni ìyókù wà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í dúró lórí afẹ́fẹ́: ẹni tó ra òkè gbọ́dọ̀ ní ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá wá fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn sílẹ̀ fún àbúrò yín kó máa lò ó pẹ̀lú Windows tó wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn ti di tirẹ̀. Ẹ kò lè tún fi ṣe ìpìlẹ̀ fún upgrade lórí ẹ̀rọ tuntun. Ọ̀kan ni ẹ̀tọ́ náà, ẹ̀rọ kan ló sì lè wà fún lẹ́ẹ̀kan.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ̀ pé kò sí ìpìlẹ̀?

Láyé Windows XP, ọ̀rọ̀ náà kò le púpọ̀. Bí ẹ bá ń fi upgrade sórí dísìkì tó ṣófo, yóò ní kí ẹ fi síídì Windows àtijọ́ hàn òun: Windows 98, Me, NT 4.0 tàbí 2000. Ẹ ó yọ síídì XP, ẹ ó ti ti àtijọ́ bọ̀ ọ́, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó sì tún dá XP padà. Ẹni tó tọ́jú síídì rẹ̀ kò ní ìṣòro.

Vista, tó jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2007, ló yí i padà. Kò béèrè síídì mọ́. Inú Windows tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi rí ọgbọ́n dá sí i: wọ́n á kọ́kọ́ fi Vista sí i láì tẹ key kankan, nítorí ó fàyè ọgbọ̀n ọjọ́ gbà wọ́n láti dán an wò, wọ́n á wá ti inú Vista yẹn bẹ̀rẹ̀ upgrade lẹ́ẹ̀kejì. Bí Vista ṣe gun orí ara rẹ̀ nìyẹn.

Ti Windows 7 ló wá fojú hàn jù. Yóò wọlé dáadáa, ojú kọ̀ǹpútà á yọ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kó gba key, àpótí kan á yọ tí wọ́n kọ 0xC004F061 sí. Ohun tó ń sọ ni pé upgrade nìkan ni key yìí wà fún, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ṣófo. Àwọn ẹnjiníà mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú ibẹ̀ náà: wọ́n á ṣí Registry, wọ́n á sọ 1 tó wà níwájú MediaBootInstall di 0, wọ́n á tẹ slmgr /rearm, wọ́n á pa á, wọ́n á tún un tan, key á sì wọlé.

Àmọ́ pé kọ̀ǹpútà gbà á kò sọ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tó ní XP tirẹ̀ tí dísìkì rẹ̀ bàjẹ́, tó ń fi ọgbọ́n yìí dá ohun tó ti sanwó rẹ̀ padà, yàtọ̀ sí ẹni tí kò ra Windows kankan rí. Irinṣẹ́ náà kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ìwé àdéhùn ló mọ̀ ọ́n.

Sítíkà ara kọ̀ǹpútà àtijọ́ ńkọ́?

Ibí yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ka nọ́ńbà ara sítíkà HP tàbí Dell tòkunbọ̀ kan, wọ́n á ní òun ni ìpìlẹ̀. Láísẹ́nsì tó bá kọ̀ǹpútà jáde láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní OEM, ẹ̀rọ yẹn ló dè mọ́. Bí motherboard rẹ̀ bá kú tí ẹ sì fi òmíràn tí ẹ rà sí i, lójú Microsoft, kọ̀ǹpútà tuntun nìyẹn. Láti ìgbà Windows 8 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń tẹ key náà sínú motherboard fúnra rẹ̀, tí sítíkà kò fi ní nọ́ńbà mọ́.

Èyí tí wọ́n ń pè ní retail, tí èèyàn rà lọ́tọ̀, ló lè kúrò lórí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn. Ẹ̀kẹta ni volume, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń rà fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí yani lẹ́nu díẹ̀: títí di òní, upgrade ni Windows Pro tí wọ́n ń tà lọ́nà volume. Ó gbọ́dọ̀ bá Windows mìíràn nílẹ̀.

Kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ slmgr /dli, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Àpótí tó máa yọ yóò dárúkọ RETAIL, OEM tàbí VOLUME.

Kí ló yí padà láti ìgbà náà?

Dọ́là 39.99 ni wọ́n ta upgrade Windows 8 Pro lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di ìparí oṣù Kìíní ọdún 2013. Nígbà tí 8.1 dé lọ́dún náà, odindi ni wọ́n ń tà, tó lè wọ ẹ̀rọ tó ṣófo. Windows 10 tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2015 di ọ̀fẹ́ fún ọdún kan fún ẹni tó bá ní 7 tàbí 8.1. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ẹ lè tẹ key Windows 7 yín tààrà nígbà tí ẹ bá ń fi 10 sórí dísìkì tó ṣófo. Ọ̀nà yẹn ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí Microsoft ní àkókò ti tán, kí wọ́n tó kéde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 pé àwọn ti tì í. Ẹnjiníà tó bá ṣì ń sọ fún yín pé key Windows 7 yóò ṣí Windows 11, ọ̀rọ̀ àná ló ń sọ.

Ọ̀fẹ́ ni àtikúrò lórí Windows 10 bọ́ sórí 11, bí ẹ̀rọ bá yẹ tí láísẹ́nsì 10 rẹ̀ sì pé. Ẹ̀rọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò kò ní Windows 10 tí yóò ti kúrò. Bí ẹ kò bá ní retail tí ẹ lè gbé bọ́ sórí rẹ̀, odindi lẹ máa rà: dọ́là 139 ni iye tí Microsoft fi sórí Home, 199 ni Pro.

Ẹ ó rí àwọn tó ń ta key ní ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ volume tí wọ́n pín kiri. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí, kí Microsoft sì dí i lọ́la.

Kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀yà ara rẹ̀

Ẹ wo nọ́ńbà processor dáadáa. Core i5-4570 jẹ́ ìran kẹrin, i5-8500 jẹ́ ìran kẹjọ. Ní ti Intel, láti ìran kẹjọ lọ sókè ni Windows 11 ń gbà, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Ó tún fẹ́ RAM tó tó 4GB, àyè 64GB, Secure Boot àti TPM 2.0 tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Lórí motherboard tuntun, TPM sábà máa ń wà níbẹ̀ tí wọn kò tan án: ẹ wá PTT nínú BIOS bó bá jẹ́ Intel, tàbí fTPM bó bá jẹ́ AMD.

Fáìlì Windows 11 ju 5GB lọ, nítorí náà ẹ wá fláàṣì tó tó 8GB àti ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dúró. Ẹ so kọ̀ǹpútà náà mọ́ UPS tàbí ínfátà. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń fi í sórí dísìkì tó ṣófo, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá lọ nígbà tí ẹ ń ṣe àtúnṣe BIOS, motherboard lè kú.

Bí owó kò bá sí ńkọ́?

Crack, ìyẹn ètò tó ń ṣí Windows láìsanwó, ni ọ̀pọ̀ ń sá lọ bá. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bó ṣe dáàbò bo ìwé. Yàtọ̀ sí òfin, ohun tí crack sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ẹ pa antivirus. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí NIN, fọ́tò àti nọ́ńbà káàdì àwọn oníbàárà ń gba orí ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá kò gbọ́dọ̀ dán irú rẹ̀ wò.

Linux kò ní upgrade tàbí odindi. Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu àti Linux Mint, LibreOffice sì ń tẹ ìwé dáadáa lórí wọn. Kì í ṣe àjèjì sí wa. Lọ́dún 2007, wọ́n ra Classmate PC 17,000 ti Intel fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà pẹ̀lú Mandriva Linux nínú rẹ̀. Ìròyìn wá jáde pé wọ́n fẹ́ fi Windows XP rọ́pò rẹ̀, ni François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, bá kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Àjọ ìjọba tó ń sanwó 11,000 nínú wọn padà sọ pé Mandriva làwọn fẹ́. Kí ẹ tó lọ síbẹ̀, ẹ rí i dájú pé sọ́fítíwià tí iṣẹ́ yín nílò ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, nítorí òmíràn kì í ṣe é.

Fún ẹni tó bá máa ra Windows, OEM tí àwọn oníṣòwò ń tà fún kọ̀ǹpútà títò sábà máa ń dín owó ju retail lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí iná ti ń ga tó tún ń wálẹ̀ lójijì, motherboard kì í pẹ́ jóná, OEM á sì bá a lọ. Retail tí ẹ so mọ́ àkáǹtì Microsoft yín yóò tẹ̀ lé yín bọ́ sórí motherboard tí ẹ bá fi pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ní agbègbè tiwa, owó tó lé lórí retail kì í ṣe àfiṣòfò: bí motherboard kan bá jóná, owó Windows ẹlẹ́ẹ̀kejì tí ẹ kò ní san ti dí i.