Yíyan rédíétọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù dísù àtijọ́

Rédíétọ̀ ni ẹ̀yà ọkọ̀ tí ó máa ń mú kí omi gbígbóná tí ó ti inú ẹ́ńjìnnì wá tutù. Nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù dísù àtijọ́, bíi Mercedes-Benz 911, bàbà àti idẹ ni a fi ń ṣe é; ọ̀pọ̀ èyí tí à ń tà láti fi pààrọ̀ rẹ̀ lóde òní jẹ́ alumíníọ̀mù.

Ohun tí a fi ṣe é

Bí rédíétọ̀ bàbà bá ń jò, a lè fi òjé dí i, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì wọ́n. Ti alumíníọ̀mù fúyẹ́, àmọ́ bí orí rẹ̀ tí a fi ike ṣe bá sán, pípààrọ̀ ni ó sábà máa ń kù.

Ìwọ̀n

Gígùn àti ìbú nìkan kò tó. Iye ìlà ọ̀pá inú rẹ̀ àti bí ó ṣe nípọn tó kò gbọdọ̀ dín sí ti àtijọ́, nítorí ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná nígbà tí ọkọ̀ ṣófo lè gbóná jù bí ó bá ru ẹrù gun òkè. Ojú ihò omi gbọ́dọ̀ bára mu, ìfúnpá ìdérí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí olùṣe ọkọ̀ là sílẹ̀.

Àyẹ̀wò ṣáájú

Kì í ṣe rédíétọ̀ nìkan ni ó ń fa ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Bẹ́líìtì fáànù tí ó dẹ̀, páǹpù omi tí ó bàjẹ́ tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó jó lè fà á pẹ̀lú. Bí a kò bá tún wọn ṣe, rédíétọ̀ tuntun kò ní yanjú rẹ̀.