Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Kì í Ṣe Àìnígbàgbọ́

Kò sí ẹni tí ojú ń tì láti sọ pé ibà ń ṣe òun. Ṣùgbọ́n àìsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, inú yàrá ni wọ́n ń gbé e pamọ́ sí. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Láàárín àwa Kristẹni, ó tún pamọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣe ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ ọ́, wọn yóò ní ìgbàgbọ́ òun kò tó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ìbànújẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò sunkún. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ jóná yóò káwọ́ lérí. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, tí àwọn ará ń wá kí i, yóò tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọkàn ènìyàn bá wúwo láti àárọ̀ dé alẹ́, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, ẹ fura. Ó lè jí ní òru kí oorun má padà wá mọ́. Àwọn mìíràn a sì máa sùn ju bí ó ti yẹ lọ. Oúnjẹ kò ní wu ú. Kò ní lágbára àtiwẹ̀ tàbí àtifọ abọ́. Yóò máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni kí ó máa rò pé ikú yá ju ìyè lọ.

Ní dìsípẹ́ńsárì, àwọn tí àìsàn yìí ń ṣe kì í sábà sọ fún wa pé ọkàn ni. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wò ó, nǹkan kan ń rìn nínú orí mi." "Orí mi gbóná bí ààrò." "Gbogbo ara ni ó ń ro mí." Obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ ń wá gba oògùn orí fífọ́ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ó wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí i pé kò ní ibà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì ru. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fún un ní àga, mo ní, "Ìyá ìkókó, oorun ńkọ́?" Ó bú sẹ́kún. Ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù 4, láti ìgbà tí ó sì ti bí i kò tíì sun oorun àsùnwọra. Bí ọmọ náà bá ń ké, ńṣe ni ó máa ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀mí kan ni ó ń dà á láàmú, ó sì ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ 7 lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, ó ti rù gan-an.

Ẹ gbọ́ o. Obìnrin tí kò jẹun, tí kò sùn, tí ó sì ń fún ọmọ lọ́mú, ni wọ́n tún ní kí ó gba ààwẹ̀! N kò bá ààwẹ̀ jà. Èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n a kì í fi ebi wo ẹni tí ebi ń pa sàn.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ borí àwọn wòlíì Báálì lórí òkè Kámẹ́lì ni, nígbà tí Jésébẹ́lì búra láti pa á. Ó sá lọ sínú aginjù, ó jókòó lábẹ́ igi kan, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun. Ta ni yóò sọ pé Èlíjà kò nígbàgbọ́? Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run ṣe. Kò bá a wí. Ó jẹ́ kí ó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó fún un ní àkàrà gbígbóná àti omi. Ó tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i, ó tún jẹun. Lẹ́yìn èyí ni ó tó rin ìrìn ọjọ́ 40 lọ sí òkè Hórébù, ibẹ̀ ni Ọlọ́run sì ti bá a sọ̀rọ̀. Oorun, oúnjẹ, omi àti ọwọ́ tí ó fọwọ́ kàn án ni ó ṣáájú ìwàásù. Jóòbù, Jeremáyà àti Jónà náà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu, Ọlọ́run kò sì lé wọn dànù.

Ohun tí ó ń fa àìsàn yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Ó lè wà nínú ìdílé. Ọ̀fọ̀, gbèsè, ìyà ilé ọkọ, àìsàn tí ó pẹ́ lára àti ọtí àmujù lè fà á. Nínú obìnrin 10 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó máa ń ṣe bí ẹnì 1. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lára ni ó fara jọ ọ́. Nítorí náà ni a fi ń ní kí ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àìsàn.

Ìtọ́jú wà. Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn nílò oògùn pẹ̀lú. Ẹ mọ̀ pé oògùn rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ kíá bí oògùn orí fífọ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ó dá a dúró ní ọjọ́ karùn-ún, tí ó ní kò ṣiṣẹ́, kò dúró dè é. Bí ara bá sì ti yá, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì. Dókítà ni yóò sọ ìgbà tí a ó fi í sílẹ̀. Ìyá ìkókó tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, dókítà fún un ní oògùn, ìyá rẹ̀ sì wá láti ilé, ó ń gba ọmọ lóru kí ó lè sùn. Ní oṣù kejì, ó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré níwájú wa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ Aró bà yín lẹ́rù. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ níbẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí ẹbí bá wọn wá, kí wọ́n máa gbé nílé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ẹbí jẹ́ ara oògùn. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń ṣe, àlọ àti àbọ̀ ni: wọn a rí dókítà, wọn a sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ máa gbàdúrà fún wọn, a nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dè wọ́n ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹ má ṣe nà wọ́n, ẹ má sì ṣe ní kí wọ́n da oògùn nù. Lúùkù tí ó kọ Ìhìnrere, oníṣègùn ni. Àwọn Onítẹ̀bọmi tí wọ́n wàásù ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni wọ́n dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1907.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ṣe wí pé, "Ṣé orí rẹ ni ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni?" Ẹ jókòó tì í. Ẹ bá a rìn díẹ̀ ní àárọ̀ nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Bí ẹ bá fura pé ó ń ro ikú, ẹ bi í gbangba: "Ṣé o ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ?" Ìbéèrè yìí kò ní gbin èrò náà sí i lọ́kàn, ó máa ń tú u lára ni. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn kòkòrò, oògùn eku àti ọ̀bẹ kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìwọ tí ó ń ṣe ńkọ́? Sọ fún ẹnì kan lónìí. Bí àdúrà gígùn kò bá ṣeé gbà, "Olúwa, ràn mí lọ́wọ́" ti tó. Jẹ ìwọ̀nba tí o bá lè jẹ, kí o sì wá rí wa.

Ẹ̀yin tí ara yín le, bí ẹ bá ń lọ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ gbé Bíbélì yín dání, kí ẹ sì gbé abọ́ oúnjẹ gbígbóná pẹ̀lú. Oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí.